Bí Wọ́n Ṣe Mọ Ìrìn Jẹjẹrẹ Ìfun

Ní ọdún 1922, ilé ìwòsàn St Mark's ní òpópónà City Road, ìlú London, gba dókítà kan síṣẹ́ tí kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Cuthbert Dukes lorúkọ rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ bá gé kúrò lára èèyàn ni wọ́n ń gbé wá bá a: ìfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kókó jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀. Dukes á là á gbọọrọ, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, á wá gé e tínrín tínrín kó lè wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi ẹran ara tó wà níwájú rẹ̀: jẹjẹrẹ yìí, ibo lo rìn dé?

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí wọ́n ti ń bi ìfun ní ìbéèrè yẹn. Ọ̀bẹ àti ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fi bi í, wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ ehoro bi í, wọ́n fi aró bi í, kó tó di pé wọ́n tú jíìnì rẹ̀ wò. Ìdáhùn tó ń jáde kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ń retí.

Ibi tó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1835 ni Frederick Salmon dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ fún àwọn tálákà tí àìsàn ìdí ń bá fínra, irú àìsàn tí ojú máa ń ti èèyàn láti sọ níwájú ẹlòmíràn. Charles Dickens, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, wà lára àwọn tí Salmon ṣiṣẹ́ abẹ fún, ní 1841. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí City Road ní 1854, ọjọ́ àjọ̀dún Máàkù Mímọ́ ni wọ́n ṣí ilé tuntun náà, ibẹ̀ sì lorúkọ rẹ̀ ti wá. Nítorí pé àìsàn ìdí àti ìfun nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, àwọn tí ohun kan náà ń ṣe ń rọ́ wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan ní ọgọ́rùn-ún ìgbà kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà.

Lójú ẹni tó bá wò ó lóréfèé, kókó tó tóbi jù ló yẹ kó burú jù. Dukes rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ dandan. Bí jẹjẹrẹ ṣe gbẹ́ wọ inú ògiri ìfun tó ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1932 ó tẹ ìwé jáde lórí ìfun tó lé ní 200 tó ti yẹ̀ wò, ó sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. A ni èyí tí kò tíì kọjá ògiri ìfun. B ni èyí tó ti la ògiri náà já, tó ti bọ́ sínú ọ̀rá tó yí ìfun ká. C ni èyí tó ti dé inú àwọn kókó kéékèèké tí sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà, ń gbé. Ọdún 1958 ni òun àti igbákejì rẹ̀ ka àbájáde gbogbo iṣẹ́ náà fún ayé: nínú àwọn tí tiwọn jẹ́ A, ó lé ní 90 nínú 100 tí jẹjẹrẹ náà kò tíì pa lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nínú àwọn C, kò ju nǹkan bíi 30 lọ. Títí dòní, àwọn dókítà àgbà ṣì máa ń pe “Dukes C” lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n mìíràn tó kún ju tiẹ̀ lọ ti rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé.

Igbákejì tí a mẹ́nu kàn yẹn ni H. J. R. Bussey, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kò sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìwé. Kì í ṣe dókítà. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí Dukes gbà á sí láàbù pé kó máa ran òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní àsìkò náà, J. P. Lockhart-Mummery, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ St Mark's, ti kíyè sí ohun kan tó ń dẹ́rù bà á: àwọn ìdílé kan wà tí ìfun àwọn ọmọ wọn kún fún pọ́líìpù, àwọn ẹran kéékèèké tó ń hù jáde láti ara ògiri ìfun bí olú ṣe ń hù lára igi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń yọ, bí wọn kò bá sì yọ ìfun náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tí jẹjẹrẹ kì í mú nínú wọn kó tó darúgbó. Ní 1925 Lockhart-Mummery kọ̀wé nípa mẹ́ta nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan fún wọn ní St Mark's, Bussey ló sì wá ń tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ wo ló wà nínú títọ́jú ìwé? Iṣẹ́ ńlá ni. Bí aláìsàn kan bá dé, Bussey á béèrè bàbá, á béèrè ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ. Ta ló kú? Ọmọ ọdún mélòó? Kí ni wọ́n ní ó pa á? Á ya ẹ̀ka ìdílé náà sórí ìwé, á fi àmì sí ẹni tó ní pọ́líìpù, á sì kọ lẹ́tà sí àwọn tí wọn kò tíì yẹ̀ wò pé kí wọ́n wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún ló fi ṣe é. Bàbá kú, ó kọ ọ́. Ọmọ dàgbà, ó pè é wá. Ìgbà tó ti di àgbàlagbà ló tó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀, ní 1975 ìwé rẹ̀ nípa àìsàn ìdílé yìí sì jáde. Ẹ̀bùn Nobel kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí ìtàn yìí máa dárúkọ, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀mí là tààrà ju tiẹ̀ lọ, nítorí àwọn ọmọ tí lẹ́tà rẹ̀ pè wá ni wọ́n yọ ìfun wọn kí jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1975 yẹn kan náà ni òun, Basil Morson tó gba ipò Dukes, àti Tetsuichiro Muto tó ti Japan wá kọ́ṣẹ́, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́líìpù inú àkójọ St Mark's jọ, wọ́n sì wọ̀n wọ́n. Nínú àwọn tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, bóyá ló fi ju 1 nínú 100 tí jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú àwọn tó ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ohun tí Dukes ti ń fura sí láti ọdún 1920 sí 1930 wá fìdí múlẹ̀: jẹjẹrẹ ìfun kì í ṣàdédé já lu èèyàn. Ọ̀nà rẹ̀ gùn, ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà máa ń gbà kí pọ́líìpù kékeré tó di apànìyàn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àyè wà láti dá a dúró lójú ọ̀nà. Ohun tó kù ni kí wọ́n rí àmì tí yóò sọ ibi tó dé láìjẹ́ pé wọ́n la ikùn èèyàn.

Àwọn kan rò pé àwọn ti rí àmì náà ní Montreal.

Phil Gold ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Yunifásítì McGill lábẹ́ Samuel Freedman nígbà náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá purotéènì kan wà lára jẹjẹrẹ tí kò sí lára ẹran ara tó dá ṣáṣá. Àwọn tó ti wá a ṣáájú ń kó jẹjẹrẹ ara ẹnì kan, wọ́n á sì fi wé ẹran ara ẹlòmíràn, ìyàtọ̀ àárín èèyàn méjì á wá da gbogbo rẹ̀ rú. Gold yan ìfun. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ń gé jẹjẹrẹ ìfun, ó máa ń gé díẹ̀ mọ́ ọn lápá òkè àti nísàlẹ̀ níbi tí ara ti dá, nítorí náà, nínú abọ́ kan ṣoṣo, jẹjẹrẹ àti ẹran ara tó dá ti ara ẹnì kan náà ló wà níbẹ̀. Ó lọ jẹjẹrẹ náà, ó fi gún àwọn ehoro lábẹ́rẹ́. Ara ehoro pèsè àǹtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara fi ń dá ohun àjèjì mọ̀, sí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wá da ẹ̀jẹ̀ ehoro náà pọ̀ mọ́ ẹran ìfun tó dá, kí gbogbo àǹtíbọ́dì tó mọ ara tó dá lè lẹ̀ mọ́ ọn kúrò nílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan àfi jẹjẹrẹ.

Wọ́n tún dán an wò lára ọlẹ̀ inú oyún tó bàjẹ́. Ibẹ̀ náà ló ti lẹ̀, mọ́ ìfun, ẹ̀dọ̀ àti àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà nínú. Purotéènì tí ara ń lò nígbà tó ń kọ́ ìfun, tó sì pa tì kí wọ́n tó bí ọmọ, ni jẹjẹrẹ tún gbé dìde. Ní 1965 Gold àti Freedman tẹ iṣẹ́ wọn jáde, wọ́n sọ purotéènì náà ní orúkọ tó pa jẹjẹrẹ àti ọlẹ̀ pọ̀, èyí tí gbogbo láàbù ń pè ní CEA lónìí. Nígbà tó di 1969, wọ́n ti lè wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni wọ́n bá a lára wọn.

Inú ayé dùn. Ìwé ìròyìn gbé e kiri. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ni wọ́n á máa fà lápá èèyàn láti mọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn láàbù mìíràn ṣe ń yẹ èèyàn púpọ̀ sí i wò, wọ́n rí i pé CEA máa ń gbéra lára ẹni tó ń mu sìgá, lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, lára ẹni tí ọgbẹ́ inú ìfun ń yọ lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ṣì wà ní A, àwọn gan-an tí ìtọ́jú ì bá gbà là, ni iye tiwọn kò gbéra rárá. Ní 1980, àwọn onímọ̀ pé jọ ní Bethesda ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi CEA wá jẹjẹrẹ lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Àmọ́ wọn kò sọ ọ́ nù. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ṣáájú iṣẹ́ abẹ, tó ga, tó sì wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n mọ̀ pé ọ̀bẹ ti ṣe tiẹ̀. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, jẹjẹrẹ ti padà sí ibì kan, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tó kéré sí èyí tí wọ́n fẹ́ kó ṣe ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é dáadáa láti ìgbà náà.

Àwọn mìíràn gbà pé inú ẹran ara fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n padà sí. Ní 1941, ní Harvard, Albert Coons ti so ohun tó ń tàn mọ́ ara àǹtíbọ́dì, kí ojú lè rí ibi tó bá lọ lẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ẹran tútù ló ń fẹ́, ilé ìwòsàn kì í sì í tọ́jú ẹran tútù. Inú fọ́málíìnì ni wọ́n ń ki ẹran bọ̀, wọ́n á wá fi ìda dì í, á sì wà bẹ́ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1974, ní Oxford, Clive Taylor àti J. Burns fi hàn pé àǹtíbọ́dì lè rí purotéènì nínú ẹran inú ìda náà, bí wọ́n bá so èròjà tó ń mú àwọ̀ jáde mọ́ ọn dípò èyí tó ń tàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Cambridge, Georges Köhler àti César Milstein so sẹ́ẹ̀lì eku tó ń pèsè àǹtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú. Sẹ́ẹ̀lì tó jáde ń pèsè àǹtíbọ́dì kan ṣoṣo, ọ̀kan náà, láìdáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, láàbù ní Tokyo àti láàbù ní Toronto lè lo àǹtíbọ́dì kan náà gan-an, kí wọ́n sì fi èsì wọn wéra.

Àwọn láàbù wá bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè àǹtíbọ́dì lóríṣiríṣi. Ní ìlú Kiel ní Jámánì, Johannes Gerdes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀kan ní 1983 tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń pín láró, tó sì ń fi èyí tó ń sinmi sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Ki-67: Ki dúró fún Kiel, 67 sì ni nọ́ńbà kòtò tó wà lórí àwo tí wọ́n ti hù ú. Títí dòní ni wọ́n ń fi í wo bí kókó jẹjẹrẹ ṣe ń yára dàgbà sí.

Ìdíwọ́ kan ṣì wà. Fọ́málíìnì máa ń so purotéènì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ àǹtíbọ́dì kì í rí ojú ohun tó ń wá mọ́. Ní 1991, Shan-Rong Shi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé gíláàsì tí ẹran wà lórí rẹ̀ sínú omi oníkẹ́míkà, wọ́n tì í bọ inú máíkírówéfù, irú èyí tí wọ́n fi ń gbóúnjẹ kaná nílé, wọ́n sì sè é. Purotéènì tó ti fara pamọ́ yọjú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí ohun èlò ilé ìdáná kan tó ṣe ìmọ̀ ìṣègùn lóore tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan péré.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàbù á fi abẹ ẹ̀rọ gé ìda náà ní nínípọn tí kò ju ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Ohun tó gé á máa léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fi gíláàsì pẹlẹbẹ gbé e sókè, á sá a kó gbẹ. Lẹ́yìn sísè, á kán àǹtíbọ́dì sí i, á dúró dè é, á ṣàn án, á kán èkejì tó ń gbé èròjà àwọ̀ wá. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ibi tí purotéènì wà á di búráùn. Kó tó gbé e fún dókítà, á fi aró aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń rí lára igi kan ní Mẹ́síkò pa ìyókù láró, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò gba búráùn lè hàn lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà á wá jókòó tì í, á máa wò: ta ló pọ́n, ta ni kò pọ́n, ẹ̀gbẹ́ wo ló wà?

Ìtàn p53 ló fi hàn bí ìbéèrè yẹn ṣe le tó. Ní 1979, David Lane ní London, Arnold Levine ní Princeton, àti àwọn mìíràn, rí purotéènì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ fún un lórúkọ. Nítorí pé ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi gbà pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ. Ìfun ló tú àṣírí náà. Ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, Bert Vogelstein àti Suzanne Baker, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ń wá jíìnì tó máa ń sọ nù lára jẹjẹrẹ ìfun. Ní 1989 wọ́n bá a: p53 ni. Ó bàjẹ́ lára jẹjẹrẹ náà. Kì í ṣe òun ló ń fa àìsàn, òun ló yẹ kó máa dá a dúró. Èyí tó dá ṣáṣá kì í pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kó tó pòórá, nítorí náà kì í gba àwọ̀ púpọ̀. Èyí tó bàjẹ́ kì í lọ, á kó jọ sí àárín sẹ́ẹ̀lì, á pọ́n kedere. Àwọ̀ tó pọ̀ túmọ̀ sí pé aṣọ́nà ti kú.

Kì í ṣe p53 nìkan ni Vogelstein wò. Ní 1988 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ kókó ìfun 172 wò, láti pọ́líìpù kékeré títí dé jẹjẹrẹ tó ti gbilẹ̀. Jíìnì RAS bàjẹ́ lára nǹkan bí 9 nínú 100 pọ́líìpù tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, ṣùgbọ́n lára nǹkan bí ìdajì àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ àti jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òun àti Eric Fearon dúró, tí wọ́n fi ya àtẹ ìrìn jẹjẹrẹ ní 1990: ìbàjẹ́ kan ló ń bí pọ́líìpù, RAS ń mú un dàgbà, p53 sì sábà máa ń bàjẹ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó di jẹjẹrẹ. Ohun tí Dukes fi ojú rí lórí tábìlì rẹ̀, Baltimore fi jíìnì kọ ọ́.

Jíìnì wo ló wá ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ibí ni ìwé Bussey ti tún wúlò. Àwọn ìdílé tó ti ń kọ sílẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ wà lára àwọn tí Walter Bodmer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní London, ní 1987 wọ́n sì rí i pé orí krómósómù karùn-ún ni jíìnì náà wà. Orúkọ Bussey wà lára àwọn tó kọ ìwé náà. Ní 1991, ẹgbẹ́ Vogelstein àti Kenneth Kinzler pẹ̀lú Yusuke Nakamura láti Japan, àti ẹgbẹ́ Ray White ní Utah, rí jíìnì náà fúnra rẹ̀: APC. Lára ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun tí kì í ṣe ti ìdílé pàápàá, òun ló kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀. APC ló ń rí sí i pé purotéènì kan tó ń jẹ́ beta-catenin kò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Etí sẹ́ẹ̀lì ni beta-catenin máa ń wà, níbi tó ti ń so ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Bí APC bá bàjẹ́, á kó jọ, á wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ, á sì máa pàṣẹ pé kó máa pín. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ní Erlangen ní Jámánì, Thomas Brabletz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan lórí gíláàsì tó yẹ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún gbogbo èèyàn. Nínú kókó jẹjẹrẹ kan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ní beta-catenin létí wọn, wọ́n dì mọ́ra wọn. Àwọn tó wà ní iwájú, níbi tí jẹjẹrẹ ti ń wọ inú ẹran ara tó dá, ti gbé e wọnú, wọ́n sì ti já ara wọn sílẹ̀, wọ́n ń rìn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹjẹrẹ kan, purotéènì kan, ipò méjì. Ẹni tó bá kàn ka iye àwọ̀ tó wà níbẹ̀ láìwo ibi tó wà, kò ní rí ìrìn náà rárá.

Nígbà mìíràn, ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ní 1895, ní Ann Arbor ní ìpínlẹ̀ Michigan, aránṣọ kan sọ fún dókítà Aldred Warthin pé jẹjẹrẹ ló ń pa àwọn ará ilé òun, ó sì dá òun lójú pé irú ikú bẹ́ẹ̀ ni òun náà máa kú. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, kò darúgbó kó tó kú. Warthin wá ìdílé rẹ̀ kiri, ó sì kọ̀wé nípa wọn ní 1913. Ọ̀pọ̀ dókítà kò kà á sí. Ní àwọn ọdún 1960, Henry Lynch ní Omaha rí irú ìdílé bẹ́ẹ̀, wọn kò sì gbà á gbọ́ bọ̀rọ̀, títí di 1993 àti 1994 nígbà tí wọ́n rí jíìnì MSH2 àti MLH1. Iṣẹ́ àwọn jíìnì wọ̀nyí ni kí wọ́n tún àṣìṣe tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe nígbà tó ń da ara rẹ̀ kọ ṣe. Àyẹ̀wò wọn rọrùn: purotéènì mẹ́rin, MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2, ni wọ́n ń pa láró. Bí sẹ́ẹ̀lì tó dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá pọ́n, tí ti jẹjẹrẹ kò pọ́n, àtúnṣe ti dáwọ́ dúró nínú jẹjẹrẹ náà. Ní ọdún 2000 wọ́n bá ìbàjẹ́ MSH2 nínú ìdílé aránṣọ ọjọ́sí.

Kì í ṣe gbogbo aró ló jẹ́ òtítọ́. Nígbà tí oògùn cetuximab jáde ní 2004, wọ́n ní kí aláìsàn ní purotéènì EGFR lára kókó rẹ̀ kí wọ́n tó fún un, nítorí òun ni oògùn náà ń bá jà. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Àwọn tí kókó wọn pọ́n gan-an kì í jàǹfààní ju àwọn tó pọ́n díẹ̀ lọ. Láàárín 2006 sí 2008 ni wọ́n mọ̀ pé RAS ni kí wọ́n máa wò: bí ó bá ti bàjẹ́, oògùn náà kò ní ran aláìsàn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti lo oògùn olówó gọbọi lórí àmì tí kò mọ ọ̀nà.

Purotéènì mẹ́rin tó ń dákẹ́ yẹn ní tiwọn wá di iyebíye. Jẹjẹrẹ tí kò lè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe máa ń kún fún ohun àjèjì tí sójà ara lè rí. Ní 2015 wọ́n fi hàn pé oògùn tó ń tú sójà ara sílẹ̀ ń ṣe bẹbẹ lára irú rẹ̀. Ní 2022, ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York, Andrea Cercek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde àwọn 12 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi oògùn dostarlimab nìkan tọ́jú jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ìfun wọn: lára gbogbo àwọn 12 náà, kókó pòórá, láìsí ọ̀bẹ.

Ilé ìwòsàn New York yẹn kan náà ló ń bá Ilé-Ifẹ̀ ṣiṣẹ́. Fún ìgbà pípẹ́, ayé gbà pé jẹjẹrẹ ìfun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, kọ̀wé ní 1971 pé oúnjẹ wa tó kún fún fáíbà ló ń dáàbò bò wá. Ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí tó ń ka àìsàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà náà sì ni iye tó ń wọlé ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ jáde fún oṣù púpọ̀, wọ́n ti pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣúgà, wọ́n sì ti mu àgbo jẹ̀dí tí ìyá alágbo ń kiri láti ojúlé dé ojúlé.

Ní 2013, Isaac Alatise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ dá ẹgbẹ́ ARGO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ti New York. Wọ́n kó kókó ìfun àwọn ọmọ Nàìjíríà jọ, wọ́n tú jíìnì wọn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Lára àwọn ọmọ Nàìjíríà náà, 28 nínú 100 ni àtúnṣe àṣìṣe ti dáwọ́ dúró nínú jẹjẹrẹ wọn. Lára àwọn aláìsàn New York tí wọ́n fi wé wọn, 8 tàbí 9 péré ni. Wọ́n kéré lọ́jọ́ orí sí àwọn ti New York, ìdajì wọn sì ni jẹjẹrẹ náà wà ní ìpẹ̀kun ìfun, níbi tí ìka dókítà lè dé. Ohun tó túmọ̀ sí fún aláìsàn ni pé aró mẹ́rin tí owó wọn kò tó ti títú jíìnì lè fi hàn pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin wọn lọ tí oògùn sójà ara yẹn bá mu, bí wọ́n bá rówó rà á.

Ohun kejì tí Ifẹ̀ rí kò tíì ní ìdáhùn. Nínú àwọn tí àtúnṣe wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, APC bàjẹ́ lára 39 nínú 100 péré. Ní New York, 76 ni. Ìbàjẹ́ RAS àti àwọn jíìnì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló wá pọ̀ jù lára wọn, 76 nínú 100 sí 60 ti New York. Àtẹ tí Fearon àti Vogelstein yà ní 1990 ní ìbàjẹ́ kan, èyí tó wá hàn pé ti APC ni, ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn. Lára ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun tí wọ́n gé ní ilẹ̀ yìí, ó jọ pé ilẹ̀kùn mìíràn ló ṣí, èyí sì ni iṣẹ́ tó wà níwájú àwọn tó ń kó ìda jọ sínú dúrọ́ọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ báyìí.